Aṣọ Bẹ́ẹ̀dì Mẹ́tàdínlógún

Ojo ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé akọni ló fẹ́ sọ ìtàn yìí. Láti kékeré ni mo ti máa ń sá fún ohunkóhun tó bá dún gbì. Iṣẹ́ àtúnṣe aago ni mo kọ́, torí pé iṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Èèyàn á jókòó sídìí tábìlì, á fi awò kan sójú ọ̀tún, á mú ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ dání, kò sẹ́ni tí yóò bá a jà. Ó wá jẹ́ pé obìnrin tí mo fẹ́ ni kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀rù. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn fún ọdún mọ́kàndínlógún.

Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá ni ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́. Ilé gígùn kan ni, ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná wọn, ooru inú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé omi máa ń kán láti ara páànù òrùlé sórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Obìnrin mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Àwọn kan ń se aṣọ nínú ìkòkò ńlá, àwọn kan ń fún un, ìyàwó mi wà nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ariwo ẹ̀rọ náà kì í jẹ́ kí ẹni méjì lè bá ara wọn sọ̀rọ̀, inú ariwo yẹn ló ti máa ń ro orin. Ètè rẹ̀ á máa mì, á máa fẹsẹ̀ lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá délé nírọ̀lẹ́, kò ní tíì bọ́ bàtà tí yóò fi kọ ọ́ sínú ìwé.

Ṣùgbọ́n kò lóhùn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ bó ṣe ń kọrin á rò pé wọ́n ń wọ́ tábìlì lórí sìmẹ́ńtì ni. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ kíkun ilé, ni Ọlọ́run fún ní ohùn. Ohùn-Iyọ̀ làwọn èèyàn ń pè é. Ìyàwó mi á kọ orin sílẹ̀, á kọ́ àbúrò rẹ̀ ní yàrá wa, èyí á ta gìtá sí i, wọ́n á gbà á sórí kásẹ́ẹ̀tì. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni kásẹ́ẹ̀tì yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Gbogbo ayé ló gbà pé Ohùn-Iyọ̀ ló ń rò ó fúnra rẹ̀. Àwa mẹ́ta péré la mọ òótọ́.

Orin àkọ́kọ́ jáde lọ́dún tí omi kò yọ ní ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ibà sì ń pa àwọn ọmọdé ní wọ́ọ̀dù wọn. Ó lọ báyìí:

*Mo fọ aṣọ yìí lẹ́ẹ̀kan, kò mọ́,*
*Mo tún un fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò mọ́,*
*Ẹ pe ẹni tó kó èérí bá a wá,*
*Kó wá bá mi fọwọ́ ra á.*

Kí oṣù tó parí, àwọn nọ́ọ̀sì ti ń kọ ọ́, àwọn awakọ̀ ti ń kọ ọ́, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin kan tó gbé aago wá fún mi. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má kọrin nínú ṣọ́ọ̀bù mi.

Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe é. Orin wà fún afárá tó wó lóṣù kẹta tí wọ́n ṣí i. Orin wà fún ọ̀gá ńlá tó lẹ àwòrán ara rẹ̀ káàkiri títí tí kò fi ku ògiri kan tí èèyàn lè fara tì. Èyí pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín gan-an, àwọn agbófinró sì ti gbé Ohùn-Iyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí rẹ̀, wọ́n nà án, wọ́n tú u sílẹ̀. Nígbàkígbà tí mọ́tò bá dúró níwájú ilé wa, èmi á dẹ́kun jíjẹun. Ìyàwó mi á ní, "Bàbá wa, ẹ gbé òkèlè yẹn mì, ọkọ̀ tó ń kẹ́rù ni."

Ohun tó yí gbogbo rẹ̀ padà ni ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sẹ́nu géètì, wọ́n ní àwọn ń fẹ́ ìbòmú nítorí eruku tó ń wọ àyà àwọn. Ní ọ̀sán gangan, àwọn agbófinró yìnbọn fún wọn. Rédíò ní èèyàn mẹ́ta ló kú, pé wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sá ni. Ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n bá fi bo òkú ní ilé ìwòsàn máa ń padà sí ilé ìfọṣọ. Láàárín ọjọ́ méjì, aṣọ bẹ́ẹ̀dì mẹ́tàdínlógún ló ti ilé òkú wá. Ìyàwó mi ló kà á. Nínú ọ̀kan, ìbọ̀sẹ̀ pupa kan ká mọ́ ọn, tí wọ́n ti fi òwú dúdú rán gìgísẹ̀ rẹ̀.

Ó kọ orin sí i:

*Rédíò ní mẹ́ta ni,*
*Aṣọ ní mẹ́tàdínlógún.*
*Rédíò kì í fọṣọ,*
*Èmi tí mò ń fọ̀ ọ́ ni mo mọ̀ ọ́n.*

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ìwọ lo dárúkọ ara ẹ níbẹ̀ yẹn. Ọmọ kékeré á mọ̀ pé alágbàfọ̀ ló ń sọ̀rọ̀."

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń rí alágbàfọ̀, Bàbá wa. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ẹsẹ kan wà nínú orin náà tó sọ ti ìbọ̀sẹ̀ yẹn. Ohùn-Iyọ̀ gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń sunkún lójú ibì kan náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi yọ èyí kúrò, mi ò lè gbé e." Wọ́n yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni orin náà ṣe jáde.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún lẹ́yìn náà ni wọ́n wá mú Ohùn-Iyọ̀. Orí àkàbà ló wà, ó ń kun ojú fèrèsé ilé ìfowópamọ́ kan, ni ọkọ̀ méjì dé. Wọ́n ní ó béèrè bóyá òun lè fọ búrọ́ọ̀ṣì òun kí ó má baà gan. Wọ́n fa àkàbà yọ lábẹ́ rẹ̀.

Aládùúgbò kan ló wá sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. N kò ti ilẹ̀kùn dáadáa tí mo fi sá wálé. Ìyàwó mi kò tíì dé láti ibi iṣẹ́. Mo fa àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde, mo kó gbogbo ìwé orin rẹ̀, mẹ́rin ni, ọdún mẹ́sàn-án, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo kó wọn sínú agolo kẹrosíìnì, mo sì ṣá iná sí wọn. Ìṣáná mẹ́fà ló kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ìdí agolo náà ni mo wà nígbà tó wọlé.

Ó wo agolo, ó wò mí. "Gbogbo ẹ̀ ni?"

"Gbogbo ẹ̀ ni."

Ó jókòó sórí òkúta ìfọṣọ wa. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ da omi sí eérú yẹn, kó má fò lọ sílé onílé." Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ọkùnrin kan wá sí ilé ìwòsàn. Ó wọ gíláàsì, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ dáadáa, kì í pariwo. Ó ní kí wọ́n fún òun ní yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ mímọ́ sí, ó sì ń pe àwọn òṣìṣẹ́ wọlé níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ìyàwó mi, ó béèrè bóyá ó mọ̀wé. Ìyàwó mi ní díẹ̀díẹ̀ ni. Ó ní ṣé àbúrò rẹ̀ ló ń ro orin fúnra rẹ̀. Ìyàwó mi ní àbúrò òun ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kò mọ ibi tí orin ti ń wá.

Onígíláàsì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Òun kọ́, ìyá. A fún un ní bébà fún ọjọ́ mẹ́rin, a ní kó ro ẹyọ kan fún wa. Ohun tó kọ kò ṣeé gbọ́. Ẹlòmíràn tó lórí pípé ló ń bá a ṣe é, ilé ìwòsàn yìí lẹni náà sì wà, torí ó mọ iye òkú. Wọ́n tún ń sọ̀rọ̀ aṣọ fífọ̀. Àkàwé nìyẹn. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn. Ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ yín."

Nígbà tí ìyàwó mi sọ ọ́ fún mi nílé, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kẹta sí ìyẹn, lọ́sàn-án, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi ṣí. Onígíláàsì ló wọlé. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi ni mo ti mọ̀ ọ́n, láti ara ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e ka iwájú mi.

"Ó ń sáré," ó wí. "Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi ń ṣáájú lójoojúmọ́. Ẹ bá mi wò ó. N ó dúró."

Mo ṣí ẹ̀yìn aago náà. Gbogbo ohun tí mo kọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún fò lọ lórí mi. Mo tú nọ́ọ̀tì kékeré kan, nọ́ọ̀tì tí kò ju hóró iyanrìn lọ, ó sì bọ́ lẹ́nu ẹ̀mú mi, ó já sílẹ̀. Onígíláàsì bẹ̀rẹ̀, ó fi itọ́ rin orí ìka rẹ̀, ó fi mú un, ó gbé e sórí tábìlì.

"Ọwọ́ yín ń gbọ̀n."

"Ọjọ́ orí ni, ọ̀gá."

"Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ àbúrò ìyàwó yín ti ń yanjú. A ti rí ẹni tó ń kọ ọ́ fún un. Tísà tó ń kọ́ àwọn ọmọ aláìsàn níwèé ní wọ́ọ̀dù ni. A bá ewì lọ́wọ́ ẹ̀."

N kò mọ ìgbà tí mo fi béèrè pé, "Ó ti jẹ́wọ́?"

"Kò tíì jẹ́wọ́. Àìsàn èémí ń ṣe é, kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n á jẹ́wọ́."

Mo tún aago náà ṣe. Ó dúpẹ́, ó lọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kúrò níbẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, kí Ọlọ́run forí jì mí, ni pé a ti bọ́. Mo mọ tísà yẹn. Ó máa ń kí mi tó bá ń kọjá. Mo dé ilé, mo jẹun, n kò sọ nǹkan kan fún ìyàwó mi.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, ìyàwó tísà kan ilẹ̀kùn wa. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, kò jókòó nígbà tí a ní kó jókòó. Ó gbé oògùn kan lé tábìlì, irú èyí tí wọ́n máa ń fà sẹ́nu kí èémí lè já gaara.

"Wọn ò gbà á lọ́wọ́ mi ní géètì," ó wí. "Ọjọ́ mẹ́ta nìyí tí kò fà á. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ àbúrò yín. Ẹ ní kó sọ pé kì í ṣe ọkọ mi. Ẹni yòówù kó dárúkọ, kó ṣáà má jẹ́ ọkọ mi. Ewì òjò àti ti ẹyẹ ló ń kọ fáwọn ọmọdé." Ó kúnlẹ̀. Ìyàwó mi gbé e dìde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó máa lọ sílé, kó fi oògùn náà sílẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀kùn padé, ó yíjú sí mi. "Ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀?"

"Mo gbọ́ lánàá."

Ó mi orí díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bí mo bá lọ jẹ́wọ́ fún wọn lọ́la, ṣé ẹ ó sìn mí débẹ̀?"

"Wọn ò ní gbà ọ́ gbọ́. Ìwé tó lè jẹ́rìí sí i, mo ti sun ún."

"Ó wà lórí mi."

"Ronú nípa ọmọ." Ọmọbìnrin kan ṣoṣo la bí, ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn.

"Mò ń ronú nípa ẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ yín wá." Ó gbé ọwọ́ mi lé àyà rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń lù bí ìgbà tí ẹnìkan bá ń kan ilẹ̀kùn tí iná ń jó lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ rò pé ẹ̀rù kì í bà mí? Ó máa ń bà mí lójoojúmọ́. Mo kàn ń fi ẹ̀rọ yẹn bo ariwo ẹ̀ ni."



Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó fi oògùn náà sínú báàgì, a jọ rìn. Nígbà tí a dé ẹ̀bá ọgbà àwọn ọlọ́pàá, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Kì í ṣe pé mo pinnu láti dúró. Ẹsẹ̀ náà ni kò gbé mọ́. Ó rí i, ó ní, "Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn, ó ti tó." Ó bá àwọn ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ṣí géètì, ó wọlé. Mo lọ jókòó sọ́dọ̀ ẹnìkan tó ń rán bàtà ní òdìkejì títì. Ó bi mí bóyá mò ń dúró de ẹnìkan. Mo ní rárá. Ibẹ̀ ni mo wà títí ó fi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn, ó pẹ́ gan-an kí ìyàwó mi tó sọ ọ́ fún mi. Ó ní nígbà tí òun sọ pé òun lòun ń ro àwọn orin náà, àwọn ọlọ́pàá méjì tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní kó lọ lọ aṣọ. Onígíláàsì kò rẹ́rìn-ín, ó ní kí ó jókòó, ó ní ìfẹ́ ọmọ ìyá ló ń ṣe é. Ó béèrè ìwé. Ìyàwó mi ní wọ́n ti jóná. Ó ní ta ló sun wọ́n. Ìyàwó mi ní òun lòun sun wọ́n. Ọ̀nà tó gbà bo àṣírí mi nìyẹn, mi ò sì bẹ̀ ẹ́.

Ó wá ní, "Ẹsẹ kan wà tí àbúrò mi kò kọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́, kí ẹ lọ bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n." Pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó ń há yẹn, ó kọ ọ́ fún wọn:

*Ìbọ̀sẹ̀ pupa kan bá aṣọ wá,*
*Òwú dúdú ló wà ní gìgísẹ̀ ẹ̀.*
*Ta ló jókòó, tó fabẹ́rẹ́ rán an,*
*Tó ní, "Wọ̀ ọ́, òtútù ń mú"?*

Ó ní akọ̀wé tó wà ní igun yàrá dẹ́kun títẹ nǹkan tó ń tẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Onígíláàsì ní kí wọ́n lọ mú Ohùn-Iyọ̀ wá. Wọn ò tilẹ̀ bi í ní nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n tì í wọlé, tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí àga yẹn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ bojú. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ wá ṣe níbí?" ó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi nà án, kò sọ̀rọ̀. Ẹkún yẹn ló wá bá wọn parí iṣẹ́.

Wọ́n fún tísà ní oògùn rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n tú u sílẹ̀.

Oṣù méje ni wọ́n fi ti ìyàwó mi mọ́lé. Wọn kò gbé e lọ sí kóòtù kankan. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń gbà mí láyè láti gbé aṣọ mímọ́ wá sí géètì, kí n sì gba èyí tó ti wọ̀. Wọn kì í jẹ́ kí n rí i. Nínú aṣọ yẹn ni mo ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Mo máa ń tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń fi awò tí mo fi ń wo aago wò ó, lẹ́bàá ọrùn, lẹ́bàá ọwọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo rí ẹ̀jẹ̀ níbi èjìká. Omi tútù ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀, òun ló kọ́ mi, omi gbígbóná á jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ aṣọ. Mo fọ̀ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kan, wọn kò fún mi ní aṣọ kankan, wọ́n ní kò sí. N kò lè ṣàlàyé ọjọ́ méje yẹn fún ẹnikẹ́ni. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, aṣọ méjì ló jáde.

Nígbà tí wọ́n yí àwọn ọ̀gá kan padà lókè, wọ́n tú u sílẹ̀ láìsọ ìdí rẹ̀. Wọ́n ní kó tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní ro orin mọ́. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ilé ìwòsàn ti lé e. Ohùn-Iyọ̀ jáde lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ó kọjá sí orílẹ̀-èdè mìíràn, ilé ló ń kùn níbẹ̀ títí di òní. Ó máa ń kọ lẹ́tà. Kì í mẹ́nu kan orin.

Tísà pẹ́ kó tó wá. Bó bá rí wa lójú títì, á sọdá sí òdìkejì. Ọdún kan lé ni kí ó tó kan ilẹ̀kùn wa. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ ni àbí kí n bínú. Mo ti gbìyànjú méjèèjì."

Ìyàwó mi ní, "Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Èmi náà ò mọ̀." Wọ́n jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀wọ́n, ó lọ. Ó ti wá lẹ́ẹ̀mejì sí i lẹ́yìn ìgbà náà.

Ọdún méjì ààbọ̀ ni ilé wa fi dákẹ́. Ìyàwó mi ń gba aṣọ àwọn aládùúgbò, ó ń lọ̀ wọ́n nílé. Ètè rẹ̀ kì í mì. Ọjọ́ kan ni mo bẹ̀ ẹ́ nípa ìwé tí mo sun. Ó ní, "Ẹ̀rù bà yín. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀." Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ó ronú, ó ní, "Ó dáa, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo ti forí jì yín." Nígbà yẹn ni oorun bẹ̀rẹ̀ sí í kùn mí.

Oṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú ìkòkò ńlá ilé ìfọṣọ bẹ́, ó bó obìnrin kan lápá àti láyà. Àwọn yòókù dáṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n jókòó sínú ọgbà ilé ìwòsàn, wọ́n ránṣẹ́ pe ìyàwó mi. Mo mọ̀ kí ó tó dìde pé orin ti wà lẹ́nu rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo rí i tó ń fẹsẹ̀ lulẹ̀ nídìí tábìlì ìlọṣọ.

Mo ní, "Ta ló máa kọ ọ́? Àbúrò ẹ ò sí níbí."

"Èmi ni."

"Pẹ̀lú ohùn yẹn?"

"Ohùn yìí náà ni. Wọ́n á fara dà á."

Mo tẹ̀ lé e. Lọ́tẹ̀ yìí, mo wọ géètì. Mo jókòó láàárín àwọn alágbàfọ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mi mú. Ó dìde lọ́sàn-án gangan, ó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohùn náà burú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́bàá ògiri, ọkùnrin méjì tí a kò mọ̀ rí ń kọ nǹkan sínú ìwé kékeré.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọn kò tíì wá. Mọ́tò ń dúró níwájú ilé, àwa méjèèjì á dákẹ́, mọ́tò á lọ. Lánàá, ó pè mí kúrò nídìí aago, ó ní kí n wá gbọ́ ìlà kan, bóyá ó gùn jù. Mo gbọ́ ọ. Ó gùn jù, mo sì sọ fún un.